Òdòdó Ẹyẹ Párádísè àti Àwọn Ẹyẹ Tí Ń Jẹ́ Orúkọ Kan Náà

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Èkó ti ń gbé irúgbìn kan jáde tí wọ́n ń pè ní Bird of Paradise, èyí tí í ṣe Ẹyẹ Párádísè. Ó ti dé àgbàlá púpọ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá wa níhìn-ín, àti ní Ìpàjà àti Agége tí ó múlé tì wá. Ẹni tí ó fẹ́ràn òdòdó yóò ra ọ̀kan, yóò gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé Ẹyẹ Párádísè ni òun gbìn. Aládùúgbò náà yóò dáhùn pé òun pẹ̀lú ní in. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ilé àwọn méjèèjì, ẹ lè rí i pé ohun tí ọ̀kan gbìn kò jọ ti èkejì rárá. Ọ̀kan dàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré. Èkejì jẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tí ewé rẹ̀ wẹ́ bí ewé patanmọ́. Orúkọ kan ni, ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe nítorí ìmọ̀ ìwé nìkan, bí kò ṣe nítorí pé ọ̀kan nínú wọn a máa ṣe ẹni tí ó bá jẹ kóró rẹ̀ ní ibi, òmíràn a sì máa gba ẹ̀fọn sí ilé láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ òdòdó, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tí ó ni orúkọ. Ẹyẹ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ní àríwá ilẹ̀ Australia ni erékùṣù ńlá kan wà tí a ń pè ní New Guinea. Níbẹ̀, àti ní àwọn erékùṣù kéékèèké tí ó yí i ká, àti ní etí ìlà-oòrùn Australia pàápàá, ni àwọn ẹyẹ Párádísè ń gbé. Irú wọn ju ogójì lọ. Bí ẹ bá bèèrè ìdílé wọn, ẹ ó yà á lẹ́nu: ìbátan kannakánná ni wọ́n, kannakánná yìí kan náà tí ń jí ọmọ adìẹ wa gbé, tí ohùn rẹ̀ kò sì dùn létí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n akọ ẹyẹ Párádísè ni a fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí agbe àti àlùkò wa yóò fi ní olùbáṣọgbọọgba. Ìyẹ́ pípẹ́ a máa jáde ní ìhà rẹ̀ bí ìṣùù òwú tí atẹ́gùn ń fẹ́, òmíràn ìyeyè, òmíràn pupa. Yóò dúró lórí ẹ̀ka, yóò na ìyẹ́ wọ̀nyí sókè, yóò sì máa jó kí abo lè wò ó. Abo kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú wọn, òun nìkan ni ó ń kọ́ ìtẹ́, òun nìkan ni ó ń sàba, òun nìkan ni ó sì ń bọ́ ọmọ, nígbà tí baba ọmọ ṣì ń jó lórí ẹ̀ka. Ẹ̀yin ìyá tí ń ka ìwé yìí ni kí ẹ sọ bóyá irú rẹ̀ wà níbòmíràn.

Báwo ni orúkọ mímọ́, tí àwa mọ̀ láti inú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 23, ẹsẹ̀ 43, ṣe bọ́ sórí ẹyẹ? Ní 1521, àwọn atukọ̀ tí ó kù nínú àwọn tí Magellan kó jáde láti Spain dé àwọn erékùṣù Molucca, tí a ti ń ra kànáfùrù. Ọba Bacan fún wọn ní awọ ẹyẹ yìí tí a ti sá gbẹ, pé kí wọ́n gbé e fún ọba wọn. Wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ pé láti Párádísè ni ó ti wá. Nígbà tí ọkọ̀ Victoria gúnlẹ̀ sí Spain ní 1522, àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ awọ náà wò, wọn kò sì rí ẹsẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn tí ó sá a ni ó ti gé ẹsẹ̀ sọnù nítorí pé ìyẹ́ ni ọjà wọn, ẹsẹ̀ kò níye lórí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé kò bèèrè. Wọ́n wí pé ẹyẹ tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè bà sílẹ̀; pé ojú ọ̀run ni ó ń gbé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀; pé ìrì ni oúnjẹ rẹ̀; pé ẹ̀yìn akọ ni abo ń yé ẹyin sí. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pẹ́ nínú ìwé àwọn ènìyàn ńlá. Ní 1758 tí Linnaeus, ará Sweden, ń fún gbogbo ẹ̀dá ní orúkọ, Paradisaea apoda ni ó pe ọ̀kan nínú wọn, èyí tí í ṣe ẹyẹ Párádísè aláìlẹ́sẹ̀. Orúkọ náà ni ó ń jẹ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì tí ó le koko bíi ti kannakánná. Alfred Russel Wallace, ará Gẹ̀ẹ́sì, wọ inú igbó erékùṣù Aru ní 1857, ó rí wọn láàyè lórí igi níbi tí wọ́n ti ń jó. Ní 1862 ó gbé méjì láàyè dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ka ẹsẹ̀ wọn lè lọ kà á.

Ẹwà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ikú wọn. Ní ìgbà kan àwọn obìnrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì pa ẹyẹ Párádísè lọ́pọ̀lọpọ̀ nítorí rẹ̀. Obìnrin náà ni ó dìde sí i: Emily Williamson, lẹ́bàá Manchester ní 1889, pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé àwọn kò ní fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́. Amẹ́ríkà fi òfin dí ọ̀nà ìyẹ́ ẹyẹ inú igbó ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe tirẹ̀ ní 1921. Kí àwa má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa pẹ̀lú mọ iyì ìkóóde lórí adé àti lórí ìyàwó Ifá, odídẹrẹ́ tí ó sì ni ìkó náà ti dínkù púpọ̀ ní igbó wa, nítorí àwọn tí ń mú un láàyè lọ tà. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Johannesburg, wọ́n sì fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Nígbà tí orúkọ ti lókìkí tó bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sọ ẹyẹ mìíràn. Ní etí igbó ilẹ̀ wa ni ẹyẹ kékeré kan wà tí ń mú kòkòrò ní ojú afẹ́fẹ́. Orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ pọ́n bí osùn, ìrù akọ rẹ̀ sì gùn. Paradise flycatcher ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Òmíràn wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn lókè ọya, tí wọ́n ń pè ní paradise whydah. Àbúrò èyí wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ ti rí i lórí koríko ní etí oko: kò tóbi ju ológoṣẹ́ lọ, ẹnu rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ dúdú àti funfun, ṣùgbọ́n ìrù akọ rẹ̀ ní àkókò òjò gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ọ̀lẹ ẹyẹ ni, inú ìtẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń yé ẹyin sí. Ẹyẹ opó ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ pè é ní èdè wọn, nítorí ìrù dúdú gígùn náà tí ó jọ aṣọ ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ yìí wọ́ mọ́ orúkọ ìlú Ouidah ní Benin, èbúté tí a ti kó àìmọye ènìyàn lẹ́rú sọdá òkun, ó sì di whydah. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀nyí tí í ṣe ọmọ ilé ẹyẹ New Guinea. Ìrù gígùn ni ó sọ wọ́n ní orúkọ.

Ìgbà tí ó ṣe, orúkọ náà kúrò lára ẹyẹ, ó bọ́ sára òdòdó. Èyí tí ó tọ́ sí jù lọ ni Strelitzia, tí ilé rẹ̀ wà ní South Africa, ní etí òkun ìlà-oòrùn. Ní 1773 ni a gbé e dé ọgbà ọba ní Kew lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Sir Joseph Banks ni ó fi orúkọ yìí dá ayaba Charlotte, aya ọba George Kẹta, lọ́lá, nítorí pé ìdílé Mecklenburg-Strelitz ní ilẹ̀ Jámánì ni ayaba náà ti wá.

Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ nígbà tí ó bá tanná, ẹ ó mọ ìdí tí a fi ń pè é ní ẹyẹ. Igi òdòdó yóò gùn sókè, orí rẹ̀ yóò sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí orí àti ẹnu ẹyẹ; èyí ni àpò ewé líle tí àwọn òdòdó ti ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti inú rẹ̀ ni ewé òdòdó mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn ti ń yọ sókè bí ògbe lórí, àti ohun kan tí ó gún gbọọrọ bí ọfà, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí aró. Ọfà aláró yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí.

Nínú ọfà náà, ní ojú ihò kan tí ó fún, ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà, èyí tí í ṣe akọ. Ní ṣóńṣó orí rẹ̀ ni ibi tí abo òdòdó yọ jáde sí. Omi adùn wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọfà ti bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ ta ni yóò gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara igi kan dé ara igi kejì? Ní South Africa, ẹyẹ kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹyẹ náà sì ni ẹ̀ga. Kì í ṣe ẹ̀ga tiwa gan-an, tí ń pariwo lórí ọ̀pẹ tí ó sì ń fa imọ̀ ya títí ọ̀pẹ yóò fi kù ní ìhòòhò, bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ẹ̀ga ilẹ̀ Cape. Yóò bà lé orí ọfà náà láti mu omi adùn. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́, ìwúwo ara rẹ̀ yóò la ojú ihò náà, lẹ́búlẹ́bú yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá fò dé ara igi mìíràn, tí ó tún bà lé ọfà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kan ṣóńṣó orí, iṣẹ́ sì ti parí. Ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu gígùn tí ń fa omi òdòdó a máa wá síbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n lè mu omi náà lọ láìtẹ ọfà. Olè ni wọ́n lójú òdòdó yìí. Ẹ kíyèsí i: ẹyẹ tí a ti ara rẹ̀ gba orúkọ ni wọ́n sọ pé kò ní ẹsẹ̀, òdòdó tí ó sì gba orúkọ náà kò lè rí èso bí kò ṣe nípa ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí Strelitzia inú ọgbà, nígbà tí kò bá sí ẹyẹ tí yóò tẹ ọfà rẹ̀, fi ń tanná lásán láìso. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kóró lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ga fúnra rẹ̀. Fi ìka tẹ ọfà òdòdó kan kí ó là, fi ìka gba lẹ́búlẹ́bú funfun tí ń fà bí okùn, kí o sì fi pa ṣóńṣó orí ọfà òdòdó mìíràn lára igi mìíràn. Lọ́nà yìí ni a ṣe gba irú kan tí a mọ̀ ká ayé. Ní ọgbà Kirstenbosch, ní ìlú Cape Town, John Winter rí ìwọ̀nba Strelitzia díẹ̀ tí òdòdó wọn jẹ́ ìyeyè dípò àwọ̀ ọsàn. Ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n pọ̀ láàárín ara wọn, ó ń gbin kóró wọn, ó ń ṣà wọ́n, ó sì tún ń pa wọ́n pọ̀, fún bí ogún ọdún. Ní 1996 ni a sọ irú náà ní Wúrà Mandela. Àwọn tí ń ṣa irúgbìn àgbàdo yóò mọ irú sùúrù tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni àgbàdo, òdòdó yìí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó rí ojú rẹ̀.

Bí ó bá so, èso rẹ̀ líle yóò gbẹ, yóò sì là. Ẹ ó rí kóró dúdú inú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdì irun aláwọ̀ ọsàn lórí bí fìlà. Ohun ìyanu wà nínú àwọ̀ yìí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ gbígbó bá ń fọ́ nínú ara ènìyàn tàbí ẹranko, ohun ìyeyè kan a máa jáde nínú rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ máa ń gbé dànù. Bilirubin ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn tí kò lè gbé e dànù, òun ni ń pọ́n ojú àti awọ ara, tí a fi ń wí pé ibà apọ́njú mú ẹni náà. Gbogbo ayé gbà pé inú ẹranko nìkan ni ó wà. Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ ní Florida rí i nínú irun kóró Strelitzia funfun, èyí tí ó ga bí igi, lẹ́yìn náà wọ́n sì rí i nínú èyí kékeré tí à ń sọ yìí pẹ̀lú. Mo mọ bí ọkàn àwa Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ní irú ọ̀rọ̀ yìí: a ó wí pé bí ó ti jọ àrùn náà, òun ni yóò wò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kóró yìí kì í ṣe oògùn ibà apọ́njú, inú rírun àti èébì ni ó ń fún ọmọdé tí ó bá jẹ ẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Ìbátan Strelitzia yìí kún oko wa. Ìdílé ńlá kan ni ó ti jáde, nínú èyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbagbà wà, àti atalẹ̀, àti atare, àti tètèrègún, àti ìdò, àti ewé eéran tí àwọn ìyá fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Àmì ìdílé náà kò farasin: ewé titun gbogbo wọn a máa jáde ní kíká bí ẹní, yóò sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn a sì máa fà á ya láti etí dé àárín. Ẹni tí ó bá mọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ṣi Strelitzia mú, àfi pé ewé Strelitzia tò sí ìhà méjì bí abẹ̀bẹ̀, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì yí igi po.

Nínú ìdílé yìí kan náà ni ẹni kejì tí ń jẹ́ Ẹyẹ Párádísè ti wá, tí orúkọ rẹ̀ gan-an í ṣe Heliconia. Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ó fẹ́ràn òjò, ó sì ń yára pọ̀ nípa ọmọ tí ń yọ láti inú ilẹ̀ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún àwọn òǹtajà òdòdó. Nínú irú kan, òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀. Nínú òmíràn, ó nàró sókè, àwọn àpò pupa tàbí ìyeyè sì tò lórí ara wọn bí ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Èyí tí ó nàró ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Òjò ń kún inú àpò wọ̀nyí, omi náà kì í tètè gbẹ, ẹ̀fọn sì lè yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé omi náà kéré. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ní Áfíríkà ti rí i tipẹ́ pé ẹ̀fọn kan tí ń gbé ibà apọ́njú ti òyìnbó, tí a ń pè ní Yellow Fever, ń dàgbà nínú omi díẹ̀ tí ń dúró ní abíyá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé kókò.

Ìlú Èkó yìí ní ìtàn pẹ̀lú àrùn náà. Ní 1925 ni àwọn onímọ̀ láti ilé Rockefeller ní Amẹ́ríkà tẹ ibùdó dó sí Yaba láti wá ìdí rẹ̀. Ní 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ọkùnrin kan ní Gold Coast tí àrùn náà mú, tí ó sì yè. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí ń fa àrùn náà mú. Ní ọdún náà gan-an ni àrùn kan náà pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní Èkó níhìn-ín. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937, òun sì ni à ń gún títí di òní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àrùn náà ti tán: ó tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara ní oṣù September 2017. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni a ń gún ní abẹ́rẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn. Àwọn tí wọ́n bá ní Heliconia, kí wọ́n máa da omi inú àpò òdòdó náà nù ní ọjọ́ méje-méje, kí wọ́n sì gé èyí tí ó ti gbó sọnù.

Mo fi ẹni kẹta sí ìkẹyìn nítorí òun ni ó burú. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni, tí òdòdó rẹ̀ pupa pẹ̀lú ìyeyè, tí irun pupa gígùn sì ń jáde láàárín rẹ̀ bí ìrù ẹyẹ. Pride of Barbados ni a ti ń pè é láti ìgbà pípẹ́ ní Èkó, ó sì wà ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ìjọ. Ṣùgbọ́n ní apá kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ẹyẹ Párádísè ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti ń tẹ̀lé e bọ̀ nínú ìwé àti lẹ́nu àwọn tí ó ti òkè òkun dé. Kò bá Strelitzia tan lọ́nàkọnà. Ìdílé ẹ̀wà ni tirẹ̀, èso rẹ̀ sì jẹ́ pódi pẹlẹbẹ bíi ti ẹ̀wà. Ohun tí ó ń fa ọmọdé nìyẹn.

Agbára kóró rẹ̀ kì í ṣe ìròyìn titun. Ní 1699, obìnrin ará Jámánì kan tí ń ya àwòrán kòkòrò àti òdòdó, Maria Sibylla Merian, bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí Suriname ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Dutch ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Ó padà ní 1701, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1705. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òdòdó yìí, tí òun pè ní òdòdó ọ̀kín, ó kọ ohun tí àwọn obìnrin ẹrú sọ fún un pẹ̀lú ẹnu ara wọn: pé kóró rẹ̀ ni wọ́n ń lò láti mú kí oyún wálẹ̀, kí ọmọ wọn má ba à di ẹrú bíi tiwọn. Ó dárúkọ àwọn tí a kó láti Guinea àti Angola pẹ̀lú, bí ìyà tí a fi ń jẹ wọ́n ti mú kí wọ́n kọ̀ láti bímọ. Etí òkun tiwa níhìn-ín wà nínú ohun tí àwọn òyìnbó ìgbà náà ń pè ní Guinea. Àwọn ará ilé wa ha lè ṣàìsí nínú wọn? Igi tí à ń fi ṣe ọgbà yí ilé ìsìn ká ni igi náà.

Nítorí náà, kí aboyún má ṣe fi ohunkóhun láti ara igi yìí sẹ́nu, ìbáà ṣe àgbo tí ẹnìkan sè fún un nítorí ibà. Kí a sì já pódi rẹ̀ kí ó tó gbó ní ibikíbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Bí ọmọ bá ti jẹ kóró òdòdó kan, ẹ má ṣe fi epo pupa rọ ọ́ lọ́fun, ẹ má sì fi ìka ru èébì sókè. Èyí lè mú kí ohun tí ó gbé mì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ̀ka igi náà dání pẹ̀lú ewé, òdòdó àti èso. Bí ẹ bá wí fún nọ́ọ̀sì pé Ẹyẹ Párádísè ni ọmọ jẹ, ó lè ṣí ìwé rẹ̀ kí ó sì ka ti Strelitzia, tí kì í ju inú rírun lọ, a ó sì dá yín padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ewé ọwọ́ yín ni yóò sọ òtítọ́ fún un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin Strelitzia, kí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ó fẹ́ oòrùn àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Ọ̀nà tí ó yá jù ni láti fi ọ̀bẹ mímú ya ọmọ kúrò lára ìyá pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, kí a sì gbìn ín lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ kóró ni, ẹ kọ́kọ́ bọ́ irun aláwọ̀ ọsàn orí rẹ̀ kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì bò ó pẹ̀lú erùpẹ̀ fífẹ́lẹ́ ní ìwọ̀n oókan ìka. Ó lè pẹ́ tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó hù, nítorí náà ẹ má ṣe tètè hú u wò. Ẹ fi pátákó kékeré kan ti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ Strelitzia sí i.